Èéfín Náà Ní Ìwọ̀n: Ogójì Ọdún Mi Nídìí Ààrò Gàrí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí kò ní kó ìdọ̀tí bá aṣọ yín, ẹ sún mọ́ mi. Iṣẹ́ tó kó ìdọ̀tí bá aṣọ mi fún nǹkan bí ogójì ọdún ni mo fẹ́ sọ. Ó dùn mọ́ mi débi pé bí mo ṣe fẹ̀yìn tì yìí, ọwọ́ ṣì máa ń yún mi tí mo bá rí amọ̀ tó dáa lẹ́bàá títì. Ààrò ni mo ń mọ. Kì í ṣe ààrò ọbẹ̀ o! Ààrò gàrí ni, èyí tó ń gbé agbada tó fẹ̀ ju apá mi méjèèjì lọ. Múfútáù ni orúkọ mi, ọmọ Òṣogbo ni mí, ṣùgbọ́n láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ẹ kàn béèrè Múfú Alááàrò. Bí ẹni tí ẹ bi kò bá mọ̀ mí, á jẹ́ pé àlejò ni òun náà.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gùn. Aláró ni ìyá mi, ọwọ́ rẹ̀ dúdú títí tó fi jáde láyé. Èmi ò fẹ́ aró, aró náà ò sì fẹ́ mi. Àbúrò ìyá mi tó lọ́kọ sí Iléṣà ló wá mú mi, ó ní òun mọ bàbá kan tó ń wá ọmọ iṣẹ́. Ẹsẹ̀ méjì ni mo fi lọ, mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè iye tí wọ́n máa san.

Bàbá Ẹ́sírà ni wọ́n fi mí sí lọ́wọ́. Ẹ̀yin ará mi, ọkùnrin yẹn le! Kì í na ènìyàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ nìkan tó pàṣán. Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni. "Uná" ló máa ń pe iná, "ugi" ló máa ń pe igi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi ẹsẹ̀ po amọ̀ láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Amọ̀ òkìtì ikán là ń lò, torí pé iná kì í tètè là á. A ó lù ú, a ó kù ú bí ẹni ń ku èlùbọ́, a ó wá fi koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́ pò ó. Bí ààrò tí mo mọ bá sán bó ti wù ó kéré mọ, Bàbá ò ní bá mi wí. Á kàn fi ẹsẹ̀ tì í ṣubú, á ní, "Tún un ṣe."

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n fọwọ́ mọ ohunkóhun. Ó ní kí n lọ jókòó ti àwọn obìnrin tó ń yan gàrí, kí n máa wò wọ́n.

Mo ní, "Kí ni kí n máa wò, sà?"

Ó ní, "Bí o bá rí i, o ò ní bi mí."

Mo wò títí omi fi ń dà lójú mi. Nígbà tó ṣe, ó pè mí, ó ní, "Bí obìnrin yẹn bá fẹ́ dín iná kù, ọwọ́ wo ló fi ń fa igi?" Mo ní ọwọ́ ọ̀tún. Ó ní, "Padà lọ." Háà! Ọwọ́ òsì ni! Ọwọ́ ọ̀tún ò gbọdọ̀ fi igbá tó fi ń ro gàrí sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gàrí á jó. Nítorí náà, apá òsì ni ẹnu ààrò gbọ́dọ̀ kọjú sí. Ọjọ́ tí mo rí i fúnra mi, mo sáré délé lọ sọ fún un bí ẹni rí wúrà. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ló fún mi ní amọ̀.

Ó ní òfin kan tí kò yẹ̀. Bí a bá mọ ààrò tán, a ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí ẹni tó ni ín yóò fi yan gàrí lórí rẹ̀ láti agbada àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, kí àwa náà sì jẹ nínú gàrí ọ̀hún. Bàbá á ní, "Ẹni tó mọ ààrò tí kò jókòó tì í, òkìtì ló mọ." Ebi máa ń pa wá, oorun máa ń kùn wá, àwa ọmọ iṣẹ́ á máa kùn sínú. Ṣùgbọ́n ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Ọdún mẹ́fà ni ìdí tèmi fi gbóná.

Láyé ìgbà yẹn, páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ni wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Òkúta ni wọ́n ń gbé lé àpò kí omi rẹ̀ lè ro. Igi ìdáná wà lẹ́yìn àgọ́ tí wọ́n ti ń yan gàrí níbẹ̀, obìnrin á kàn nawọ́ mú un. Àfi bí ẹ̀rọ ṣe dé! Ẹ̀rọ oní-dísẹ́ẹ̀lì, pọ̀ọ̀-pọ̀ọ̀-pọ̀ọ̀, gbogbo ìlú ló ń gbọ́ ọ. Ẹ̀gẹ́ tí obìnrin mẹ́rin fi odindi ọjọ́ rin, ẹ̀rọ yìí á rin ín tán kí o tó jẹ iṣu sísè kan tán. Jáàkì tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ sókè rọ́pò òkúta lórí àpò. Kí ló wá kù tí kò yára? Iná! Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń ké pe Múfú. Àgọ́ tó ní ààrò méjì tẹ́lẹ̀ ń fẹ́ mẹ́wàá. Mò ń mọ ààrò bí ẹni tí wọ́n ń lé, orí mi ń wú. Mi ò bi ara mi léèrè ibi tí igi tí gbogbo ààrò wọ̀nyí ń jẹ ti ń wá.

Mo ti gba òmìnira nígbà náà. Àgọ́ tó ṣe pàtàkì jù sí mi wà ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ààrò méjìlá lábẹ́ òrùlé kan, Ìyá Bọ́sẹ̀ sì ni olórí àwọn obìnrin ibẹ̀. Nígbà tí mi ò tíì ní yàrá, ilé rẹ̀ ni mò ń sùn, oúnjẹ rẹ̀ ni mò ń jẹ. "Ọmọ aláró" ló máa ń pè mí, bí inú bá bí i tàbí bí inú rẹ̀ bá dùn. Ìyá ló jẹ́ fún mi, mi ò mọ bí mo ṣe tún lè sọ ọ́.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ń wúkọ́. Gbogbo wọn ló ń wúkọ́, ṣùgbọ́n tirẹ̀ burú. Ojú rẹ̀ pọ́n bí epo. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, dókítà sì sọ fún un pé èéfín ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, kó yan ọ̀kan: kó fi ìdí ààrò sílẹ̀, tàbí kó máa múra ikú. Mo wà lágọ̀ọ́ nígbà tó dé. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó gbé igbá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro gàrí.

Mo ní, "Ìyá, kí ni wọ́n wí?"

Ó ní, "Wọ́n ní kí n má yan gàrí mọ́. Kí n wá máa ṣe kí ni? Kí n máa jókòó ka eṣinṣin?" Ikọ́ gbé e, ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó lè mí dáadáa. "Láti ìgbà tí mo ti jẹ́ wúńdíá ni mo ti wà níbí. Ibí ni mo máa wà."

Ẹ̀rù bà mí. Èmi ni mo mọ ààrò tó ń pa á yìí, ọwọ́ mi yìí náà ni. Mo pinnu pé kó tó fi gàrí sílẹ̀, èéfín ni yóò fi àgọ́ sílẹ̀.

Mo ti rí i ní Òṣogbo bí wọ́n ṣe ń fi páìpù sẹ́yìn ààrò kí èéfín lè gba òkè jáde. Bí òjò ṣe dá lọ́dún yẹn, mo gbéra. Ààrò méjìlá, páìpù méjìlá! Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dáná sí i, ẹ ò bá wá wò ó. Àgọ́ mọ́ kedere! Àwọn obìnrin tí wọn kì í rójú ara wọn láàárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́: "Háà, báyìí ni imú rẹ ṣe rí?" Ìyá Bọ́sẹ̀ yan agbada mẹ́jọ, kò wúkọ́ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Mo jókòó tì í láti àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, mo jẹ gàrí náà, mo ní òfin ọ̀gá mi pé. Ilé ni mò ń lọ, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀.

Òjò àkọ́rọ̀ ló tú mi fó.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ náà ò fẹ́ wo ojú mi. Nígbà tí mo dé àgọ́, gbogbo obìnrin dúró, kò sẹ́ni tó dáná. Ìyá Bọ́sẹ̀ mú ṣúúkú àgbàdo kan, ó mì ín lórí ẹsẹ̀ mi. Ìyẹ̀fun ló ń dà, pẹ̀lú kòkòrò dúdú kéékèèké tó ń rìn.

"Wo òkè," ó wí.

Mo wòkè. Àjà wà lókè ààrò wọ̀nyẹn, ibẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń so àgbàdo irúgbìn wọn rọ̀ láti ìgbà ìkórè títí di ìgbà òjò. Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Èéfín ló ń wọ àgbàdo náà lára tí kòkòrò fi ń sá fún un, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó ń sọ ọ́, torí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Àfi èmi.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ní, "Ọmọ aláró, èéfín tó o lé lọ ló ń bá wa ṣọ́ irúgbìn. Kí la fẹ́ gbìn?"

Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ gbìn. Òjò ń rọ̀, oko àwọn ẹlòmíràn ti ń hù, àwọn obìnrin méjìlá ń gba ilé àna kiri láti tọrọ irúgbìn. Ojú tì mí. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fa páìpù mi tu, tí wọ́n fi amọ̀ dí ihò rẹ̀. Èéfín padà wálé bí onílé. Ìyá Bọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ná, ikọ́ gbé e, ó tún fẹ́ ẹ. Mo sunkún, ẹ má jẹ́ kí n purọ́.

Mo lọ bá Bàbá Ẹ́sírà. Ó ti darúgbó, kò ríran dáadáa mọ́. Mo rò ó fún un tán.

"Oṣù mẹ́ta ni mo fi ọ́ ti àwọn obìnrin yẹn," ó wí. "O wo ọwọ́ wọn. Ṣé o gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan?"

Mo ní, "Rárá, sà."

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà rẹ àkọ́kọ́ nìyẹn. Lọ lò ó."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ó sì mú mi dìde. Ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Iléṣà, mo mọ ààrò kan, mo jẹ́ kí páìpù rẹ̀ gba inú yàrá kékeré kan kọjá kó tó bọ́ síta, mo wá so àgbàdo rọ̀ sínú yàrá náà. Kí èéfín ṣọ́ àgbàdo, kó má ṣọ́ ọ̀fun ènìyàn. Gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ ni mo fi ń dáná sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ìpetu ò fẹ́ gbọ́ ohùn mi. Tí mo bá kí wọn, wọ́n á dáhùn, torí ọmọlúàbí ni wọ́n, ìyẹn náà ló parí síbẹ̀.

Àsìkò yẹn ni Fúnmi dé. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ó wá láti yunifásítì, ó gbé òṣùwọ̀n àti ìwé ńlá dání. Ó ní òun fẹ́ mọ bí kábọ́ọ̀nù tí àwọn tó ń ṣe oúnjẹ nílẹ̀ yìí ń tú sójú ọ̀run ṣe ń pọ̀ sí i láti ọdún dé ọdún. Mo ní, "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ó ní, "Bàbá, ẹ wo igi yìí. Afẹ́fẹ́ ló jẹ tó fi ga. Kábọ́ọ̀nù tó jẹ nínú afẹ́fẹ́ ló fi kọ́ ara rẹ̀. Bí ẹ bá sun ún, ó ń padà lọ sókè nìyẹn, ayé sì ń móoru sí i. Bí igi mìíràn bá hù dípò rẹ̀, á tún jẹ ẹ́."

Mo fò dìde. Igi ń jẹ afẹ́fẹ́! Ẹni tó ti ń sun igi láti ìgbà èwe rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún un rí! Mo wá fẹ́ fi páìpù mi yangàn, mo ní ààrò tèmi kì í rú èéfín. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú. Páìpù yín lè gba ẹ̀mí àwọn ìyá là, ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù yàtọ̀ sí èéfín, ojú lásán ò rí i. Bí igi tó jó bá ṣì jẹ́ iye kan náà, ohun tó lọ sókè ṣì jẹ́ iye kan náà."

Ó wá yé mi. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gbá ìdọ̀tí kúrò níyàrá mi sí àgbàlá gbogbo ayé.

Ohun tí Fúnmi ń wá gan-an, kò sí níwèé kankan. Kò sí àgọ́ gàrí tó kọ iye igi tó sun sílẹ̀. Èmi ni ìwé rẹ̀! Mo mú un kiri gbogbo àgọ́ tí mo ti ṣiṣẹ́. Níbí, ẹ̀yìn àgọ́ ni igi wà nígbà tí mo dé. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n ń kọjá odò kí wọ́n tó rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ ló ń gbé e wá láti ojú ọ̀nà Àkúrẹ́, ọkọ̀ náà sì ń mu dísẹ́ẹ̀lì, bí ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́ ṣe ń mu dísẹ́ẹ̀lì. Àti òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ tó ń jẹrà lẹ́yìn àgọ́, Fúnmi ní ìyẹn náà ń tú tirẹ̀ sókè. Fúnmi ń kọ, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. Èmi sì ń rí gbogbo ayé mi bí ó ṣe lọ: bí ààrò mi ṣe ń pọ̀ sí i ni igbó ń sún sẹ́yìn. Bí ẹ bá rò pé mo banú jẹ́, rárá o! Ara mi ń gbóná. Ohun tí èèyàn lè wọ̀n, ó lè dín in kù.

Mo padà sídìí amọ̀. Mo fi páìpù àti yàrá àgbàdo rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo jẹ́ kí ògiri ààrò di méjì, mo da eérú sáàárín rẹ̀ kí ooru má bàa sá. Mo dín ẹnu rẹ̀ kù, mo to irin sábẹ́ igi kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ wọlé, mo sì ri agbada sínú. Mo fọ́ mẹ́rin kí ẹ̀karùn-ún tó tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń mọ irú rẹ̀ kiri báyìí, méjì nínú wọn jẹ́ obìnrin, ọwọ́ wọn sì mọ́ ju tèmi lọ. Èmi ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi ní Dàda Estate nílùú wa Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń fi gáàsì dáná tí wọ́n ń bú mi pé mo ń rùn bí èéfín. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ iṣẹ́ yìí, kó wá, àyè wà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ kí n tó dákẹ́.

Fúnmi ló bẹ Ìyá Bọ́sẹ̀ fún mi. Ìyá ti rù, ikọ́ náà ti le sí i, wọ́n tún ti gbé e lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbà pé kí n mọ ààrò kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ àgọ́, ó sì fi àdéhùn lé e. "Ẹ̀gẹ́ kan náà, igi tí ẹ bá wọ̀n ní iye kan náà, èmi fúnra mi ni mo máa yan án lórí méjèèjì. Bí gàrí rẹ ò bá dáa, ọmọ aláró, má tún dé Ìpetu mọ́."

Gbogbo àgọ́ pé jọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Orí ààrò rẹ̀ àtijọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ikọ́ dá a dúró. Lẹ́ẹ̀kẹta, Bọ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀ fẹ́ gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ọwọ́ ọmọ náà kúrò. Ó yan án tán, igi tí wọ́n wọ̀n fún un jó tán ráúráú. Ó wá jókòó sídìí tèmi. Agbada kìíní, kò wúkọ́. Agbada kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹnì kejì rẹ̀ tàkúrọ̀sọ. Nígbà tó parí, Fúnmi gbé igi tó ṣẹ́ kù sórí òṣùwọ̀n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì! Àwọn obìnrin hó yèè, ọ̀kan gbá mi mọ́ra tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú.

Ìyá Bọ́sẹ̀ bu gàrí náà, ó sọ ọ́ sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Àgbàdo ńkọ́?"

Mo gbé èyí tí mo so rọ̀ sí yàrá èéfín mi ní Iléṣà láti ìgbà ìkórè fún un. Ó mú ọ̀kan, ó mì ín. Ó tún un mì. Kò sí nǹkankan tó dà sílẹ̀. Ó fi eyín gé hóró kan, ó fi í han àwọn tó kù.

Ó wá wọ inú àgọ́ lọ, ó mú ọkọ́ jáde, ó nà án sí mi, ó sì fi ẹnu tọ́ka sí ààrò rẹ̀, èyí tí mo mọ fún un nígbà tí mò ń sùn nílé rẹ̀. Mo fà sẹ́yìn. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ná."

Ó ní, "Gba ọkọ́, Múfú. Wó o dànù. Mo ṣì fẹ́ máa yan gàrí."